Àwọn Tó Fẹ́ Mọ Bí Mo Ṣe Ń Mọ̀

Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi jẹ́ etí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ oníkòkó ní Odode Ìdànrè. Iṣẹ́ náà kò ní orúkọ mìíràn. Bí àgbẹ̀ bá sá kòkó rẹ̀ tó rò pé ó ti gbẹ, á gbé e wá sí ẹnu ọ̀nà sítọ̀ ẹgbẹ́. Màá ki ọwọ́ bọ inú àpò títí dé ìgúnpá, màá bu ẹ̀kúnwọ́ kan láti ìsàlẹ̀, màá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí òsì, màá sì fún un pọ̀ nínú àtẹ́lẹwọ́. Kòkó tó gbẹ a máa dún kẹrẹkẹrẹ. Èyí tí kò gbẹ a máa dákẹ́, bí ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́. Bí mo bá ní "ó yá," wọ́n á rán ẹnu àpò. Bí mo bá ní "dá a padà sórí àpáta," orí àpáta ló ń lọ nìyẹn, ì báà jẹ́ ti alága ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀.

Orí àpáta ni àwa ará Ìdànrè ń sá kòkó sí. Àwọn ìlú mìíràn ń sá tiwọn sórí ẹní, mo bá wọn kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n àpáta ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Oòrùn ń yan kòkó lókè, òkúta gbígbóná ń yan án nísàlẹ̀, èèpo rẹ̀ á gbẹ kíákíá, inú rẹ̀ á ṣì tutù. Ẹni tó bá fi ojú wò ó á ní ó ti tán. Aláyẹ̀wò ìjọba tó ń ti Àkúrẹ́ wá ní ọ̀bẹ tó fi ń la kòkó sí méjì kó tó mọ̀, ó sì kàwé dáadáa. Èmi á ti mọ ohun tó máa sọ kó tó yọ ọ̀bẹ nínú àpò.

Kíláàsì kẹta ni mo kà dé kí bàbá mi tó mú mi lọ sóko. Inú ìjọ Aládùúrà wa ni mo ti fi Bíbélì kọ́ ìwé kíkà, èmi nìkan, láìsí pàṣán. Àwọn tó kàwé jù mí lọ ní ìlú yìí pọ̀. Àwọn tó gbọ́n jù mí lọ, mo ṣì ń wò bóyá màá rí wọn. N kò fi èyí yangàn. Ohun tó wà nílẹ̀ ni mo ń sọ.

Ìyàwó mi ló ń rán ẹnu àpò. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ gùn tó ọmọ ìka méjì, á jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á máa rán an, èmi á máa sọ̀rọ̀. Mo máa ń sọ àwọn nǹkan tí mo ti ṣe láyé fún un, ó sì ti mọ gbogbo wọn. N kò ka iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sí nǹkan kan nígbà náà. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ obìnrin bímọ ní Ofosu, tó lọ bá a wẹ ọmọ fún ọ̀sẹ̀ méjì láàárín ìgbà kòkó, akọ̀wé ẹgbẹ́ ló gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Akọ̀wé yìí jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní sátífíkéètì ìwé mẹ́wàá, tí kì í sọ̀rọ̀ bí kò bá ní í kọ ọ́ sílẹ̀. Ó rán àpò náà, ó gún régé. Mo wò ó pé ẹnikẹ́ni tó bá ti lè di abẹ́rẹ́ mú lè ṣe é.

Ó ti tó ọdún kan tí àwọn ológun ti gbé ìjọba fún alágbádá nígbà tí wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ìgbà kòkó ti ń parí lọ. Wọ́n tú àwọn àpò kan nínú sítọ̀, kòkó inú wọn ti bu, ó ti hu irun funfun bí irùngbọ̀n arúgbó. Kì í ṣe àpò kan, kì í ṣe méjì. Gbogbo wọn ló gba ọwọ́ mi kọjá. Mo ní òrùlé sítọ̀ ló ń jò. Wọ́n gun òrùlé, wọn kò rí ihò. Mo ní òjò àìròtẹ́lẹ̀ ni. Akọ̀wé ṣí ìwé rẹ̀, ó ní òjò kò rọ̀.

Alága pè mí. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, torí a jọ jẹ́ àgbà. Ó ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń kùn. Ó ní akọ̀wé ti rí ẹ̀rọ kan ní Àkúrẹ́ tí wọ́n ń da kòkó sí, tí á sọ bí omi inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, àti pé títí ẹ̀rọ náà á fi dé, àwọn kan fẹ́ kí akọ̀wé máa fi ọ̀bẹ yẹ̀ ẹ́ wò bí ti ìjọba. Ó ní ìpàdé tó ń bọ̀ ni a ó ti pinnu, kí n wá ṣàlàyé fún ẹgbẹ́ bí mo ṣe ń ṣe é.

Kí ó yé ẹni tó ń kà á: bí wọ́n bá gba iṣẹ́ náà, ebi kò ní í pa mí. Mo ní oko sí ọ̀nà Atosin. Ṣùgbọ́n etí yẹn ló jẹ́ kí àwọn tíṣà máa kí mi kí n tó kí wọn. Láìsí i, mo di ọkùnrin kíláàsì kẹta tó ń rìn lọ ní ìgboro.

Ìyàwó mi ní àbúrò ọkùnrin kan tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Àkúrẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni wọ́n ń lọ nílé wọn, wọn kò sì fẹ́ fi ọmọ wọn fún mi nígbà náà, torí mo jẹ́ Aládùúrà, n kò sì kàwé. Mo ti dárí jì wọ́n. Ọkùnrin yìí ń kọ ìwé ńlá kan fún oyè, lórí ohun tí à ń pè ní ọgbọ́n àti bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú orí ènìyàn. Lọ́jọ́ Sátidé, á gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá, olùkọ́ bíi tirẹ̀, ẹni tó wọ awò tó nípọn bí ìdí ìgò. Wọ́n á jẹ iyán ìyàwó mi ní ẹ̀yìn ilé, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn.

Àna mi ní ohun kan ṣoṣo ni ọgbọ́n. Ó ní ó dà bí omi inú àmù, igbá yòówù tí o bá fi bù ú, omi kan náà lo bù. Ẹni tó bá gbọ́n nínú ìṣirò á gbọ́n nínú ọ̀rọ̀, á gbọ́n nínú iṣẹ́ ọwọ́, bí wọ́n bá kọ́ ọ. Aláwò ní irọ́ ni. Ó ní ilé oníyàrá púpọ̀ ni orí ènìyàn. Yàrá kan lè kún kí èyí tó kàn án ṣófo, a kò sì lè torí yàrá kan sọ pé ilé náà ṣófo. Wọ́n máa ń jà sí i débi tí ọbẹ̀ á fi dì. Èmi jókòó, mo ń gbọ́. Mo kíyè sí i pé nínú àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tó bi mí léèrè, bẹ́ẹ̀ orí tí wọ́n ń wá kiri wà níwájú wọn.

Ọjọ́ tí mo sọ ọ̀rọ̀ alága fún wọn ni àna mi ní òun rí ọ̀nà.

Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n yẹ ọgbọ́n yín wò. Mo ní ìdánwò tí wọ́n ń ṣe fún ènìyàn káàkiri ayé. Mo máa kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé tó ní òǹtẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa, ẹ ó mú un lọ bá alága."

Mo gbà lójú ẹsẹ̀. Àánú àwọn tí wọ́n ti ṣe ìdánwò náà ṣáájú mi ló ṣe mí, torí mo mọ̀ pé a ó tò wá papọ̀.

Ó kó àwọn àwòrán jáde. Ó ní kí n sọ ohun tó yẹ kó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan tí kò sí níbẹ̀. Èyí àkọ́kọ́, ọkùnrin kan dúró lábẹ́ igi kòkó, ó na ọwọ́ sókè. Mo wò ó pẹ́.

Mo ní, "Kòkó ni kò sí níbẹ̀."

"Bọ̀dá, kòkó wà níbẹ̀. Òun ló fẹ́ ká."

"Èyí tó so sórí ẹ̀ka bíi máńgòrò yìí? Ara ìtì igi ni kòkó ń so sí. Ta ló ya èyí?"

Ó ní ọ̀gbẹ́ni kan ní Èkó ni. Ó ní etí ọ̀tún ọkùnrin náà ni kò sí. Mo ní mo ti rí i pé kò létí, mo sì ti gbà pé ìyẹn ni kò jẹ́ kó mọ kòkó. Aláwò fi ọwọ́ bo ẹnu. Àna mi kọ nǹkan kan sílẹ̀, kò sì gùn.

Ó ka nọ́ńbà méje jáde, ó ní kí n kà wọ́n padà láti ẹ̀yìn. Mo bi í léèrè ìgbà tó fi irú rẹ̀ ṣe nǹkan kẹ́yìn. Ó fún mi ní àwọn igi pẹlẹbẹ aláwọ̀ mẹ́rin, kí n tò wọ́n kó jọ àwòrán kan. Mo tò ó lọ́nà tó dára ju ti àwòrán náà lọ. Nígbà tí a parí, ó mu omi, ó tún mu òmíràn.

Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ wà nísàlẹ̀ díẹ̀."

"Ìsàlẹ̀ kí ni?"

"Ìsàlẹ̀ àárín."

A kò mú ìwé náà lọ bá alága.

Aláwò ni kò gbà. Ó ní inú yàrá tí n kì í wọ̀ ni wọ́n ti ń wá mi. Ó bẹ ìyàwó mi kó bu kòkó sí igbá mẹ́wàá, àwọn kan gbẹ, àwọn kan kù díẹ̀, kó fi aṣọ bo gbogbo wọn, kó má sì sọ fún ẹnikẹ́ni. A ṣe é ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn. Mo ń ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ, mo sì ń sọ fún àwọn olùkọ́ méjèèjì bí mo ṣe gbé ọlọ ìyá ńlá mi sọ̀ kalẹ̀ láti ìlú àtijọ́ tó wà lórí òkè. Nígbà tí àwọn ènìyàn wa ṣí wá sí ìsàlẹ̀, ìyá ńlá mi fi ọlọ rẹ̀ sílẹ̀, kò sì sí ata tó dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà tí mo gun òkè lọ gbé e, òkúta gidi, mo gbé e lórí gba gbogbo àtẹ̀gùn náà sọ̀ kalẹ̀, n kò sì sinmi. Mo sọ ọ́ tán, mo ti yẹ igbá mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wò. Mo gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá.

Aláwò pàtẹ́wọ́. Àna mi sún àga mọ́ mi.

"Bọ̀dá, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n ni."

"Kí lẹ kọ́kọ́ rò? Kí ló tẹ̀ lé e?"

Mo ní kò sí ohun tí mo rò. Ojú rẹ̀ tàn. Ó kọjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní ṣé ó gbọ́: kò sí ìrònú níbẹ̀, àṣà ọwọ́ lásán ni, ewúrẹ́ pàápàá mọ̀ bí òjò bá ń bọ̀. Ó ní ìrònú a máa rìn ní ìgbésẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, ẹni tó ń ronú sì gbọ́dọ̀ lè sọ ìgbésẹ̀ rẹ̀. Aláwò ní èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ọpọlọ, abẹ́lẹ̀ ló ti ń ṣe é, ọlọ́pọlọ gan-an kì í gbọ́ sí i. Wọ́n jà á fún wákàtí kan. N kò fẹ́ràn ewúrẹ́ tó wọ inú ọ̀rọ̀ náà, mo sì sọ bẹ́ẹ̀.

Níkẹyìn wọ́n fẹnu kò lórí ohun kan. Alága ti ní kí n ṣàlàyé, nítorí náà kí á wá àlàyé. Wọ́n jókòó tì mí títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń bi mí: ìka wo ló kọ́kọ́ kàn án, kí ni mo gbọ́, mélòó ni mo gbọ́ kí n tó sọ̀rọ̀. Ìgbésẹ̀ méje ló jáde. Àna mi kọ wọ́n ní Yorùbá fún mi. Kí n mí sínú. Kí n dákẹ́, kí n fọkàn sí i. Kí n ki ọwọ́ dé ìsàlẹ̀. Kí n fi àtàǹpàkò yẹ èèpo wò. Kí n fún un lẹ́ẹ̀kan, kí n gbọ́. Kí n tún fún un, kí n fi ìró kejì wé ti ìṣáájú. Kí n wá sọ èsì. Mo kà á ní àkàtúnkà fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo gbà tọkàntọkàn pé ọkùnrin tó ń ṣe irú nǹkan báyìí lójoojúmọ́ kì í ṣe ẹni kékeré.

Ìyàwó mi ń gé ẹja nígbà tí mo ń kà á sókè. Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣe gbogbo ìyẹn?" Mo ní èmi ni. Ó bu iyọ̀ sí ẹja náà.

Ọjọ́ ìpàdé, ẹnu ọ̀nà sítọ̀ kún. Alága jókòó láàárín, akọ̀wé gbé ìwé àti ọ̀bẹ sórí tábìlì. Àna mi àti aláwò wá pẹ̀lú, wọ́n dúró lẹ́yìn. Ìyàwó mi jókòó sórí àpótí rẹ̀, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, bí ìgbà tí iṣẹ́ ń lọ. Wọ́n gbé àpò mẹ́ta síwájú mi.

Mo mí sínú. Mo sọ fún wọn pé mo mí sínú. Mo dákẹ́, mo fọkàn sí i, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo fi àtàǹpàkò yẹ èèpo wò, mo sì ń ṣàlàyé ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń lọ. Inú àwọn ènìyàn dùn sí àlàyé náà. Nígbà tí mo gbé e sétí, mo gbọ́ ìró, mo gbọ́ ìró kejì, mo wá ń wò ó bóyá ìró kejì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án, n kò mọ̀. Mo ní, "Ó yá." Akọ̀wé la kòkó márùn-ún. Inú wọn dúdú, ó tutù, ó lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ. Èyí kejì, mo ní kí wọ́n dá a padà. Akọ̀wé là á. Ó ti gbẹ débi tó fi ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀bẹ.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìbá sàn kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Alága bọ́ fìlà, ó tún dé e padà. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Mo di ẹ̀kúnwọ́ kòkó àpò kejì mú síbẹ̀, n kò mọ ibi tí mo máa dà á sí.

Ìyàwó mi ló sọ̀rọ̀, kò gbójú sókè. Ó sọ ọ́ ní èdè ìlú wa gan-an, èmi ló ń yí i sí ti ìwé báyìí.

"Alága, ẹ bi bàbá wọn yìí, ọjọ́ tó gbé ọlọ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ṣé kò sinmi?"

Alága wò ó bí ẹni tí wọ́n bi ní ọ̀nà oko níbi ìsìnkú. Ó ní, "Ìyá wa, ọ̀rọ̀ kòkó la wà lórí rẹ̀."

"Mo gbọ́ pé ó sinmi lẹ́ẹ̀mejì."

Mo ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìyá yín ló sọ fún mi kó tó kú. Ó ní ẹ jókòó sórí àtẹ̀gùn, ẹ sunkún."

N kò sunkún. Mo ní kí gbogbo ilé fetí sí mi, kí wọ́n má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lọ bẹ́ẹ̀. Mo sọ bí òkúta náà ṣe tóbi tó, mo fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n fún wọn. Mo sọ ibi tí àtẹ̀gùn ti ń yọ̀, mo sọ àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n ń gòkè bọ̀ tí wọ́n bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà fún mi. Ìyàwó mi bá ti àpò kẹta sábẹ́ ọwọ́ mi. Mo ní, "Dá a padà," mo ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Àwọn kan ti gbé òmíràn wá látinú sítọ̀. Mo ní, "Ó yá." Mo sọ ohun tí ìyá ńlá mi sọ nígbà tí mo gbé ọlọ kalẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ó yá. Èyí náà yá. Dá a padà, ó kù ọjọ́ méjì." Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ pé, yàtọ̀ sí ohùn mi, ọ̀bẹ akọ̀wé nìkan ló ń dún níbẹ̀, lórí pákó. Ó la kòkó inú àpò mẹ́jọ. Ó gbé ọ̀bẹ kalẹ̀, ó ní bí mo ṣe sọ ọ́ ni wọ́n rí.

Ìyàwó mi fa òwú já. Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi wà ní Ofosu, ẹ wo ìwé yín bóyá ìgbà yẹn kọ́ ni kòkó tó bu wọlé. Ọmọ dáadáa ni akọ̀wé, ṣùgbọ́n kì í bá bàbá wọn sọ̀rọ̀ bí iṣẹ́ bá ń lọ."

Akọ̀wé ṣí ìwé. Ó wò ó pẹ́, ó sì yí i sí ọ̀dọ̀ alága.

Alága ní kí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ dúró ná, kí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ mi, kí akọ̀wé máa fi ọ̀bẹ yẹ àpò kan wò nínú mẹ́wàá, kí ìyàwó mi má sì rìnrìn àjò nígbà kòkó. Ìyàwó mi ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ òun mọ́ iṣẹ́ náà, torí òun kò lè máa jókòó bí ẹrú àpò. Wọ́n yíjú sí mi. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti fi jẹ́ etí, èmi nìkan. Mo wo abẹ́rẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́. Akọ̀wé kọ orúkọ wa méjèèjì sórí ìlà kan náà, ti ìyàwó mi ṣáájú, ó ní bí àyè ṣe rí ni.

A kò tíì délé kí àna mi àti aláwò tó bẹ̀rẹ̀. Àna mi ní ó ti hàn pé ọ̀kan ni ọgbọ́n: àmù kan ṣoṣo ni, èmi ń fi ìgbésẹ̀ méje da omi inú rẹ̀ nù. Aláwò ní ó ti hàn pé yàrá púpọ̀ ni: bí yàrá ẹnu bá ti ní iṣẹ́ tirẹ̀, kò ní í yọjú sí yàrá ọwọ́. Iyán tutù. Wọ́n wá bi ìyàwó mi pé kí ló rí sí i.

Ó ní, "Bó bá ń ronú ló máa ń ṣì í. Bó bá ń yangàn, kì í ronú."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, wọ́n mú gègé lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. N kò rí ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. Àna mi gba oyè náà lẹ́yìn ọdún méjì. Ó mú ìwé ńlá náà wá hàn wá. Gẹ̀ẹ́sì ni, n kò sì ka Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó fi ibi tí mo wà hàn mí. Kò sí orúkọ, wọ́n kàn fún mi ní nọ́ńbà. Mo bi í léèrè ibi tí ọ̀rọ̀ ìyàwó mi wà. Ojú ewé tó parí ìwé náà ni.

Nígbà tí kòkó tún dé, a jókòó sí ẹnu ọ̀nà sítọ̀ bí a ṣe ń jókòó. Wọ́n gbé àpò àkọ́kọ́ wá, mo ká apá ẹ̀wù. Ìyàwó mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́, kò gbójú sókè.

Ó ní, "Ọlọ yẹn, ṣé lóòótọ́ ló tóbi tó bẹ́ẹ̀?"

Mo ki ọwọ́ bọ inú àpò, mo sì sọ fún un bó ṣe tóbi tó.